Ẹní Méjì Nínú Yàrá Ìyàwó

Ọjọ́ tí Ọdẹ́wálé kọ́kọ́ fojú kan Àkànkẹ́, igi ló gùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá gùn ún. Ọkùnrin ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó já, ó ti rìn láti Sekona dé Alajue, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là á lórí, ló bá yà sẹ́yìn ilé kan tí èéfín ti ń rú. Àfi bí nǹkan funfun kan ṣe dìde látinú èéfín ọ̀hún: orí funfun, apá funfun, ìpéǹpéjú funfun, eyín tún wá funfun ju gbogbo wọn lọ. Ọdẹ́wálé ò dúró béèrè orúkọ. Kó tó mọ̀, ó ti wà lórí igi ìyeyè, ó di ẹ̀ka mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú.

"Bó o bá jẹ́ iwin," ló wí láti òkè, "ewúrẹ́ ni mò ń wá. Mi ò bá tìrẹ wá."

Nǹkan funfun náà gbójú sókè. "Bó o bá jẹ́ ọkùnrin," ló dá a lóhùn, "ewúrẹ́ rẹ rèé lẹ́sẹ̀ mi. Òun ò sá. Ìwọ lo sá."

Lóòótọ́, ewúrẹ́ ọ̀hún dúró síbẹ̀, ó ń jẹ èèpo iṣu tiẹ̀, kò wo ojú ẹnì kankan.

Àṣé eérú ni. Àkànkẹ́ ọmọ Ògúndèyí, ọṣẹ dúdú ló ń sè. Ó ń da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú, ni atẹ́gùn ọyẹ́ bá dé, ó gbé eérú náà, ó dà á lé e láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bu omi, ó bọ́jú. Omi yẹn gan-an ló ba ti Ọdẹ́wálé jẹ́. Ó ń wò ó láti orí igi: iwájú orí yọ, ojú yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ pẹ̀lú ilà rẹ̀, ó dú, ó ń dán bí ọṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ẹ̀rù ló gbé e gun igi, mi ò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ ohun tí ò jẹ́ kó tètè sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù kọ́.

"O ò sọ̀ ni? Àbí kí n gbé oúnjẹ wá bá ọ níbẹ̀?"

"Mò ń ronú," ni Ọdẹ́wálé wí.

Ọṣẹ ló ń rò. Kò pẹ́ tó fi padà wá ra ọṣẹ. Ọṣẹ yẹn tètè tán. Èyí tó tún rà tètè tán. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ọkùnrin tó mọ́ tó Ọdẹ́wálé ní gbogbo Sekona, ara rẹ̀ ń dán débi pé eṣinṣin ń yọ̀ ṣubú. Ìyá rẹ̀ wo òkìtì ọṣẹ tó wà nígun ilé, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òkú ló fẹ́ wẹ̀ ni, àbí odindi ìlú. Nígbà tó yá, ìyá náà ò béèrè mọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú ni.

Ní gbogbo ìgbà tó bá sì dé ọ̀hún, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí ọṣẹ á fi fẹ́ jóná. Ọdẹ́wálé máa ń pè é ní Iwin mi. Àkànkẹ́ náà máa ń fi oríkì rẹ̀ pè é, Àjàní Agungi. Ẹ̀rín Àkànkẹ́ kì í pariwo, ó máa ń jáde bí omi tó ń hó lábẹ́ ọmọrí.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa nígbà náà, ọkùnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́yàwó. Ẹ lè jọ sọ ti òjò, ti ewúrẹ́, ti ọṣẹ. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ "wá fẹ́ mi", ẹnu alárinà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ní àlọ àti ní àbọ̀. Alárinà tí Ọdẹ́wálé bẹ̀ ni Sìmbíátù oníyọ̀, ìyá àgbàlagbà kan láti agboolé Mùsùlùmí ní Ẹdẹ, tó ń kiri iyọ̀ láti oko dé oko. Iyọ̀ ló ń tà, oyin ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá yìí lè sọ fún ọ pé ilé rẹ jó, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sìmbíátù gbé ọ̀rọ̀ dé Alajue. Inú Ògúndèyí dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ọmọ rẹ̀ níwájú ìkòkò ọṣẹ, opó tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Àmọ́ Àkànkẹ́ fúnra rẹ̀ ò dáhùn. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Sìmbíátù padà lọ, ó padà wá, ìdáhùn ò sí.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyí.

Àkànkẹ́ ti lọ́kọ rí, Ọládòṣù lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń tẹ́ irin rélùweè gba Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo, Ọládòṣù bá wọn ṣiṣẹ́ nínú àgọ́. Ó padà wálé, ó sì gbé nǹkan kan bọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun gbé. Kò pẹ́ tí ibà fi dé Àkànkẹ́, tí àwọn ìléròrò wẹ́wẹ́ sì so jọ bí ẹyin ẹja sí ojú ara rẹ̀. Wọ́n bẹ́, wọ́n di egbò. Ìtọ̀ ń ta á bí ata. Kò lè rìn, kò lè jókòó, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó gbẹ, ó lọ. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó ṣe, ó tún dé.

Ẹ wo ohun tí ọlọ́ṣẹ wá ṣe. Ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó gbé ọṣẹ tí omi eérú rẹ̀ le jù lọ, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo ara rẹ̀ níbẹ̀ títí awọ fi bó. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹkúndayọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, tó máa ń gbẹ̀bí àwọn aboyún àdúgbò náà. Ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀, ó ní kó sọ ọṣẹ yẹn nù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni kó máa fi ṣan ibẹ̀, kó sì jẹ́ kó gbẹ. Ó ní àrùn yìí kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ara ọkọ ló fún ara ìyàwó, ara ọkọ náà gbà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kì í pààyàn. Kì í sì í lọ pátápátá. Ó ń sùn, ó ń jí, bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, oorun rẹ̀ á máa gùn sí i, jíjí rẹ̀ á sì máa fúyẹ́. "Àwọn èèyàn tó ní in wà nínú ìlú yìí tí wọ́n ń yan lọ lójú ọ̀nà," ni ìyá náà wí, "ìwọ lo rò pé ìwọ nìkan ni."

Nígbà tí Ọládòṣù padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú àgọ́ rélùweè, ibà míì ló pa á. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, àbúrò ọkọ fẹ́ ṣú u lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àkànkẹ́ kọ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Kò jà. Ṣé kó wá sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ kó ohun tó wà lára òun ran ọmọ ọlọ́mọ ni?

Ó ti wá mọ àrùn náà bí èèyàn ṣe ń mọ aládùúgbò oníjàgídíjàgan. Tó bá fẹ́ jí, itan rẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Tó bá ṣe iṣẹ́ àṣejù, tí ọyẹ́ bá mú, tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á ti máa retí rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bó ṣe máa sọ fún ọkùnrin tó ń fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ bí ẹni ń mu omi.

Ó wá pinnu. Tó bá máa fẹ́ ẹ, kó mọ ohun tó ń fẹ́. Ó pe Sìmbíátù wá sẹ́yìn ilé.

"Ìyá oníyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ọkọ mi tó kú fi àrùn kan sílẹ̀ sí mi lójú ara. Ó ń sùn, ó ń jí. Tó bá jí, ó lè ran ẹni tó bá bá mi sùn. Kò sí egbòogi tó ń lé e lọ. Tó bá gbọ́ gbogbo ìyẹn, tó ṣì ń bọ̀, kó máa bọ̀."

Sìmbíátù gbé iyọ̀ rẹ̀ rù, ó mọ́nà Sekona pọ̀n. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Ó tún fẹ́ràn iṣu tí wọ́n máa ń fún alárinà lọ́jọ́ ìyàwó. Bó ṣe ń rìn ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó rò ó pé tí òun bá gbé e dé bẹ́ẹ̀, ó máa fọ́. Ló bá fi oyin díẹ̀ sí i. Nígbà tó rìn díẹ̀ sí i, ó tún fi oyin sí i. Nígbà tó máa fi dé Sekona, oyin nìkan ló kù.

Ó sọ fún Ọdẹ́wálé pé Àkànkẹ́ gbà, pé ohun kékeré kan ló ní kí òun sọ: tí ọyẹ́ bá mú, ara máa ń yún un, èéfín ọṣẹ ló fà á, nígbà náà ó máa ń fẹ́ dá sùn.

Ọdẹ́wálé rẹ́rìn-ín títí. Ó ní gìgísẹ̀ òun náà máa ń là lọ́yẹ́, pé kó sọ fún Iwin òun pé òun á máa fi òrí pa á fún un.

Sìmbíátù padà dé Alajue. Ó ní, "Ó gbọ́. Ó ní kò tó nǹkan. Ó ní òun á máa fi òrí pa á."

Àkànkẹ́ jókòó sílẹ̀ lórí eérú, ó sunkún ayọ̀. Ti òrí yẹn rú u lójú díẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ Àjàní Agungi sí aláwàdà. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀, tí kì í bá ṣe òun?

Ìfẹ́ wá gbóná. Ògúndèyí ní kí àna wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún òun kí òjò tó fìdí múlẹ̀, Ọdẹ́wálé sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń fi ọkọ̀ọ̀kan wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹyẹ ìbákà. Ebè Ọdẹ́wálé ló tóbi jù, nítorí ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀.

Àmọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ ò rìn dáadáa. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú ló ti ń se oúnjẹ àwọn ọlọ́wẹ̀, èèrà sì ti rìn nítan rẹ̀. Nǹkan náà ti jí. Ọdẹ́wálé rí i pé ó ń tiro, ó sáré fà á sábẹ́ igi ìyeyè, ó yọ igbá òrí kékeré kan látinú àpò. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé tó fẹ́ fi ẹ̀bùn hanni.

"Ara ló tún ń yún ọ? Mo mú òrí dání. Na ẹsẹ̀ rẹ."

Àkànkẹ́ wo òrí. Ó wo ojú rẹ̀. 

"Àjàní, kí ni ìyá oníyọ̀ sọ fún ọ?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ọyẹ́. Èéfín. Ara yíyún. Ní gbogbo àkókò yẹn, Àkànkẹ́ ò mú ojú kúrò nílẹ̀. Nígbà tó sọ tán, òun náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìsí oyin kankan níbẹ̀: Ọládòṣù, àgọ́ rélùweè, egbò, oorun rẹ̀ àti jíjí rẹ̀.

Ọdẹ́wálé gbé igbá òrí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Tí mi ò bá mú èyí wá ńkọ́? Ǹ bá ti gbé ọ wálé láìmọ̀."

"Mo ránṣẹ́ sí ọ."

"N ò gbọ́."

"Mo mọ̀ báyìí pé o ò gbọ́." Àkànkẹ́ gbé ojú sókè. "O ti wá gbọ́. Bó o bá fẹ́ máa lọ, mi ò ní dá ọ lẹ́bi."

Ọkùnrin náà dìde. Ó bọ́ sí ọ̀nà, ó lọ. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdúró nínú ebè tí kò kọ tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pè é lẹ́yìn bí ẹni ń pe adití.

Ọ̀dọ̀ Sìmbíátù ló gbà lọ. Ìyá náà ò jiyàn. Ó fi ìborùn bojú, ó ní òun ti ń ṣe alárinà láti ìgbà tí eyín òun ti pé, òun ò sì gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù ló ba òun. "Ọmọ yẹn ò parọ́ fún ọ, ọmọ mi," ló wí. "Èmi ni. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

Gbólóhùn yìí ni Ọdẹ́wálé gbé rìn. Ó lè dákẹ́. Ó ń tú ewúrẹ́, ó ń gbọ́ ọ. Ó ń wẹ̀, ọṣẹ náà ń sọ ọ́ fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ bá Ìyá Ẹkúndayọ̀ ní Alajue, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé bí olè. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kó jókòó, kó béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

"Ṣé ó máa pa mí?"

"Rárá. Igi tó o máa ń gùn ló máa pa ọ́."

"Ọmọ bíbí ńkọ́?"

Ìyá náà ní òun ti gbẹ̀bí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ wọn pọ̀n. Ohun kan tó wà níbẹ̀ ni pé tó bá jí lásìkò ìrọbí, ewu ni fún ọmọ tuntun. Kí wọ́n má fi bò fún agbẹ̀bí, kí wọ́n tètè sọ, kí ojú lè wà lára rẹ̀.

Ọdẹ́wálé rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí mo bá ń yẹra nígbà tó bá jí, ṣé mi ò ní kó o?"

Ìgbà yẹn ni ìyá náà tó gbé ojú sókè. "Tó bá jí, tó o bá sún mọ́ ọn, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á. Tó bá sùn, kì í sábà ran èèyàn. Àmọ́ mi ò lè búra fún ọ. Mo mọ tọkọtaya tó jọ darúgbó, ọkọ ò kó o. Mo mọ òmíì tí ọkọ rẹ̀ kó o láìpẹ́. Àwọn méjèèjì ṣì jọ ń jẹun nínú àwo kan." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Lọ rò ó. Má lọ fẹ́ ẹ torí àánú. Àánú kì í pẹ́ sú èèyàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ògúndèyí jáde sí oko rẹ̀, ó bá ẹnì kan tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kọ ebè. Ọdẹ́wálé nìkan ni, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí orin. Ó ti kọ ebè tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ tán, ó ti kọ àwọn tó tẹ̀ lé e. Bàbá náà wò ó títí. Kò mọ ohun tó dà wọ́n rú, kò sì béèrè. Ó kàn lọ sọ fún Àkànkẹ́ pé òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹnì kan lóko.

Àkànkẹ́ gbé omi wá. Ó gbé e sílẹ̀ lókèèrè.

"Ìyá oníyọ̀ ò bá ọ wá," ló wí.

"Mo ti gba ẹnu mi padà lọ́wọ́ ìyá oníyọ̀." Ọdẹ́wálé nu òógùn ojú. "Àkànkẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ọ, mo sá. Ọjọ́ tó o sọ òótọ́ fún mi, mo tún sá. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti béèrè gbogbo ohun tó bà mí lẹ́rù, mo sì ti gbọ́ èsì. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Mo fẹ́ ọ ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ. Fẹ́ mi."

Omi tó ń hó lábẹ́ ọmọrí ti fẹ́ jáde, Àkànkẹ́ tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Inú ṣì ń bí i, ó sì yẹ kó bí i. Ó ní nígbà tó lọ, àrùn tó ti jí náà ò tètè sùn padà, òun nìkan lòun sì jókòó tì í. Ọdẹ́wálé tọrọ àforíjì. Kò wá àwíjàre.

"Tó bá ràn ọ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"A ó jọ máa tọ́jú ara wa. Ìwọ lo máa kọ́ mi, ìwọ lo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Àkànkẹ́ sún mọ́ ọn. Ó wá bu omi, ó nà án sí i. "Igi ìyeyè ṣì wà níbẹ̀," ló wí. "Tó o bá tún fẹ́ sá, má kọjá orí rẹ̀."

Ojú ti mọ ojú, alárinà wá yẹ̀ba. Àmọ́ wọn ò fi iṣu rẹ̀ dù ú. Sìmbíátù gba iṣu alárinà, ojú sì tì í débi pé ó fún ìyàwó ní iyọ̀ ọ̀fẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí kó ṣe rí.

Wọ́n gbé Àkànkẹ́ lọ sí Sekona pẹ̀lú orin. Ọ̀nà jìn, ẹrù wúwo, ìdágbére bàbá rẹ̀ sì ti mú ẹkún jáde. Ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni wọ́n ti ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, tí ìyá Ọdẹ́wálé ń wúre fún un, nígbà tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nítan rẹ̀.

Lónìí. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá.

Ó ń rẹ́rìn-ín fún àwọn èèyàn. Báwo ló ṣe máa sọ ọ́ lójú gbogbo aráyé? Ọkọ tuntun wo ló ń retí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyàwó ilé fà á wọ yàrá rẹ̀, ẹni tó ṣíwájú dúró, ó pòṣé.

"Ẹní méjì? Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún? Ọdẹ́wálé, èwo nìyí? Àbí o ti ń múra de ìyàwó kejì ni?"

"Mo máa ń yí púpọ̀ lójú oorun," ni Ọdẹ́wálé wí láti ẹnu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Mi ò fẹ́ tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi jáde. Àkànkẹ́ ò tíì kúrò lójú kan. Ẹní méjèèjì tuntun ni, wọn ò jìnnà síra wọn. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kan, tó bá na apá, á kan ẹni tó wà lórí èkejì. Ẹni tó tẹ́ wọn ti wọ̀n ọ́n wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kàn-ìn-kàn-ìn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, àti ìkòkò omi kékeré kan tí wọ́n lè gbé ka iná.

"Ó ti jí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rí i nínú ìrìn rẹ." Ọdẹ́wálé gbé ìkòkò omi náà. "Jókòó, jẹ́ kí n lọ lọ́ omi."

Àkànkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọmọrí ṣí, ẹ̀rín àti omijé jọ dà jáde pọ̀. Ó jókòó lórí ẹní tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ dùbúlẹ̀ lórí tirẹ̀, ó na apá kọjá àárín, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi tẹ́ méjèèjì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́wálé gbé orí sókè. "Iwin mi, ṣé ó ti sùn?"

"Ó ń tòògbé."

"Ṣé ká ká ẹní kan?"

"Ní sùúrù, Àjàní. Jẹ́ kó sùn wọra."

Ọkọ mí kanlẹ̀. Èémí náà gùn débi pé ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri dá a lóhùn.